Sẹ̀kínátù àti Àwọn Tó Kúrò Nínú Ẹgbẹ́ Wọn

Orí òkè ni ilé tí Sẹ̀kínátù ń gbé wà ní St. George, ní Staten Island, erékùṣù kan nílùú New York. Bó bá dúró sídìí fèrèsé yàrá ìdáná, á máa wo fẹ́rì, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èèyàn lọ sí Manhattan, tó tún ń kó wọn bọ̀. Hàbíbàt, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà nínú àwọn tí fẹ́rì náà ń kó láràárọ̀, nítorí pé nọ́ọ̀sì ni ní ọsibítù kan lọ́hùn-ún. Àwọn méjèèjì ló kù nínú ilé látìgbà tí Ràṣídì, bàbá Hàbíbàt, ti kú.

Aránṣọ ni Sẹ̀kínátù. Abẹ́òkúta ló ti kọ́ ọ, nínú ìsọ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tó dé New York, ilé ìfọṣọ kan ló gbà á síṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó gùn jù, tó ń pààrọ̀ síìpù, tó ń fẹ aṣọ àwọn tó sanra sí i lẹ́yìn Kérésì. Ó ṣe iṣẹ́ náà títí orúnkún rẹ̀ fi ní ó tó. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ilé wá dákẹ́ jù fún un. Hàbíbàt á ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn ará ilé kejì á ti lọ, fèrè fẹ́rì nìkan ni á máa dún. Nígbà mìíràn a máa bá àwòrán Ràṣídì tó wà lára ògiri sọ̀rọ̀, á bi í bóyá òjò máa rọ̀.

"Màámi, ẹ ò lè máa jókòó sínú ilé báyìí," ni Hàbíbàt wí lọ́jọ́ kan. "Sẹ́ńtà àwọn àgbà wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n ń jẹun pọ̀ lọ́sàn-án, wọ́n ń ta káàdì. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

"Kí ni mo fẹ́ bá àwọn arúgbó yẹn sọ?"

"Ẹ̀yin náà ti di arúgbó, Màámi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá a lọ.

Ọdún ìbò ààrẹ ni ọdún náà. Ní sẹ́ńtà, bí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ ọ̀sán kalẹ̀, ìjà ló kù. Àwọn tó ti jọ ń ta káàdì tipẹ́ kò kí ara wọn mọ́. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan sọ búrẹ́dì lu ẹnì kejì, ọbẹ̀ sì dà sórí tábìlì. Bí Christina ṣe dìde nìyẹn. Christina ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ìtàn ìlú. Irun rẹ̀ funfun bí òwú, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ó tó gẹ́ẹ́!" ó ní. "Bó bá jẹ́ ìjà ìbò lẹ fẹ́ jà, ẹ jẹ́ ká ja ti àwọn tó ti kú. A máa ṣe eré nípa ìbò ààrẹ ọdún 1884. Kò sẹ́ni tí inú rẹ̀ máa bàjẹ́ níbẹ̀, gbogbo wọn ti wà nínú sàréè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà. Nígbà tí Christina gbọ́ pé aránṣọ ni Sẹ̀kínátù, ó fa àga sún mọ́ ọn. Kò lè pe orúkọ rẹ̀ délẹ̀, nítorí náà "Miss Sẹ̀kí" ló ń pè é.

"Miss Sẹ̀kí, ẹ̀yin lẹ máa rán aṣọ wa. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a máa to lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba ìgboro kọjá, wọ́n á gbé àtùpà dání, wọ́n á wọ aṣọ ìléjìká kan náà àti fìlà kan náà. Ní Manhattan lọ́hùn-ún, òpópónà a kún dẹ́múdẹ́mú."

Sẹ̀kínátù kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ nípa Amẹ́ríkà rí, síbẹ̀ ó mọ ohun tí obìnrin náà ń sọ bí ẹni mọ ọ̀nà odò. Ní ọdún 1979, nígbà tí àwọn ológun fẹ́ gbé ìjọba sílẹ̀, tí wọ́n ní kí gbogbo ìlú dìbò, ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ló rán fìlà fún ẹgbẹ́ kan ní àdúgbò wọn. Aṣọ pọ̀ nínú ìsọ̀ débi pé orí rẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Òórùn aṣọ tuntun àti òróró ẹ̀rọ ìránṣọ gba gbogbo ilé kan, rédíò ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn ọmọdé ń kọrin ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀ láìmọ ìyàtọ̀. Ọdún yẹn ló pàdé Ràṣídì. Tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, òun sì ni olórí àwọn ọ̀dọ́ nínú ẹgbẹ́ náà. Lọ́jọ́ ìbò, àwọn èèyàn ti tò kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ìyá arúgbó gbé àpótí ìjókòó wá, ẹnì kan gbé bàbá rẹ̀ tí kò lè rìn wá lórí kẹ̀kẹ́, gbogbo èèyàn sì ń kí i pé, "Bàbá, ẹ kú orí ire!" Inú ìlú dùn lọ́jọ́ náà, bí ìgbà tí òjò kìn-ín-ní bá rọ̀.

Sẹ̀kínátù gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sí sẹ́ńtà, ó gbé e kalẹ̀ sídìí fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Christina á jókòó tì í, á máa tú ìlà tí kò gún, á sì máa sọ ìtàn ìbò náà fún un.

"Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Blaine," ló wí. "Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀. Bó bá kí èèyàn lẹ́ẹ̀kan, kì í gbàgbé orúkọ onítọ̀hún. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹ̀mí. Àmọ́ wọ́n ní nígbà tó jẹ́ aṣòfin, ó ń ti àwọn onílé-iṣẹ́ rélùwéè lẹ́yìn, àwọn náà sì ń fi nǹkan sí i lápò. Àwọn lẹ́tà tó kọ nípa ọ̀rọ̀ náà bọ́ síta. Ó ti sọ nínú ọ̀kan pé kí ẹni tó kọ ọ́ sí dáná sun ún."

"Kò sun ún?"

"Kò sun ún o."

"Ẹni tí wọ́n jọ ń du ipò ńkọ́?"

"Cleveland. Òun ni gómìnà New York wa níbí nígbà yẹn. Owó ìlú kì í lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ó bímọ síta, kò sì sẹ́ ẹ."

Sẹ̀kínátù rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyẹn nìkan? Ní ìlú wa, wọ́n á kí i kú oríire ọmọ ni."

Christina náà rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ìtàn yìí ni àwọn kan nínú ẹgbẹ́ Blaine fúnra rẹ̀. Inú ẹgbẹ́ náà ni bàbá wọn wà, òun ni wọ́n bá dàgbà. Nígbà tí wọ́n fa Blaine kalẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ṣe é. Wọ́n kúrò, wọ́n sì lọ dìbò fún Cleveland."

Ẹsẹ̀ Sẹ̀kínátù dúró lórí ẹ̀rọ. "Kí ni àwọn ẹgbẹ́ wọn wá ṣe fún wọn?"

"Wọ́n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní wọ́n ń ṣe bí ẹni tó mọ́ ju gbogbo ayé lọ. Wọ́n ní wọn kì í ṣe ọkùnrin gidi. Àwọn ọ̀rẹ́ kan ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú."

Sẹ̀kínátù mú aṣọ tó ń rán kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó ń fi ọwọ́ pa á.

Ràṣídì ló ń rò. Lẹ́yìn ìbò àkọ́kọ́ yẹn, Olóyè kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ilé-Gogoro, nítorí ilé gíga tó ń kọ́, ló di ọ̀gá ẹgbẹ́ ní àdúgbò wọn. Ìjọba gbé iṣẹ́ afárá kan fún un pé kó bójú tó o, kí àwọn ọmọ iléèwé lè máa sọdá odò láìfòyà. Ọdún yípo, kò sí afárá. Awakọ̀ tó ń kó òkúta ló wá bá Ràṣídì ní ilé, ó ní òkúta tí wọ́n rà fún afárá, ilé Olóyè ni òun ń já a sí. Ràṣídì rìn lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó rí òkúta náà tí wọ́n kó jọ gègèrè lẹ́yìn ilé.

Ní ọdún 1983, ìbò tún dé, Olóyè sì ni ẹgbẹ́ fà kalẹ̀. Ẹgbẹ́ pe ìpàdé, Sẹ̀kínátù sì wà níbẹ̀ nítorí pé òun ló tún fẹ́ rán fìlà. Ràṣídì dìde, ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà, ó sì ní, "Olóyè, ẹ jọ̀wọ́, òkúta afárá wa dà?"

Olóyè mi orí. "Tíṣà, ṣé èmi lo wá fẹ́ kọ́ ní ìṣirò?"

Ẹ̀rín sọ nínú gbọ̀ngàn.

"Rárá o, sà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló ń gba orí pákó sọdá. Ọ̀kan já sómi lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọlọ́run ló yọ ọ́."

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?" ẹnì kan pariwo látẹ̀yìn. "Èló ni wọ́n fún ẹ?" Òmíràn ní, "Ọ̀dàlẹ̀!" Kò pẹ́, gbogbo gbọ̀ngàn ló ń pariwo "Ọ̀dàlẹ̀! Ọ̀dàlẹ̀!" Àwọn tó ti jẹun nílé Ràṣídì ló ń pariwo. Ràṣídì dúró títí ariwo fi rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà, ó sì gba àárín wọn jáde. Sẹ̀kínátù gbé Hàbíbàt pọ̀n, ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀.

Ràṣídì kò sì dúró níbẹ̀. Ó lọ ń polongo fún ẹni tí ẹgbẹ́ kejì fà kalẹ̀, ọkùnrin kan tó ń ta táyà, tí ìjà àwọn ìyàwó rẹ̀ kì í jẹ́ kí àdúgbò sùn, ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tó lè ní ó jẹ owó òun rí. Sẹ̀kínátù bi í lálẹ́ ọjọ́ kan bóyá ohun tó ń ṣe dá a lójú.

"Sẹ̀kí," ó ní, "ẹgbẹ́ ni mo wọ̀. Mi ò ta ojú mi fún wọn."

Wọ́n kó iṣẹ́ fìlà lọ fún aránṣọ mìíràn. Àwọn oníbàárà tó kù náà ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà Iléyá ọdún náà, Ràṣídì pa àgbò, wọ́n dín ẹran sínú àwo ńlá ńlá, wọ́n tẹ́ ẹní síta bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún. Kò sẹ́ni tó yà. Àwọn ọ̀rẹ́ gba iwájú ilé kọjá, wọ́n ń wo ọ̀nà ibòmíràn. Ìyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ Kírísítẹ́nì, tí ilé rẹ̀ fara kan tiwọn, ló rọra wọlé, ó jókòó sórí ẹní, ó ní, "Ẹ bù ú wá o, eyín mi ṣì lè jẹ ẹ́." Ó jókòó tì wọ́n títí oòrùn fi wọ̀, ó ń sọ ìtàn ìgbéyàwó tirẹ̀ fún wọn, kí wọ́n má bàa máa wo ojú ọ̀nà.

Àwọn tó ń ka ìbò ní Olóyè ló wọlé. Kí ọdún tó parí, àwọn ológun dé, wọ́n lé gbogbo wọn. Ràṣídì kò dunnú sí i. Ìbátan rẹ̀ kan tó wà ní New York ló ní kó máa bọ̀. Ó wá, ó ń wa tákísí, nígbà tó yá ó ránṣẹ́ sí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà títí ó fi kú, kò dárúkọ Olóyè mọ́ nínú ilé. Hàbíbàt kàn mọ̀ pé tíṣà ni bàbá òun kó tó di awakọ̀.

Nígbà tí eré kù díẹ̀, ọkùnrin tó yẹ kó ṣe ẹni tó kúrò nínú ẹgbẹ́ sọ pé òun ò ṣe mọ́. Ó ní àwọn èèyàn á ní òun náà ti yí padà nínú ìbò òní. Christina wò yíká.

"Miss Sẹ̀kí, ẹ bá wa ṣe é."

"Èmi? Gẹ̀ẹ́sì mi ńkọ́?"

"Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé New York nígbà náà ló ti òkè òkun wá. Bí Gẹ̀ẹ́sì tiwọn náà ṣe rí nìyẹn."

"Ṣé obìnrin ń dìbò nígbà yẹn?"

"Rárá, wọn ò tíì jẹ́ kí a dìbò."

Sẹ̀kínátù rò ó díẹ̀. "Ó dáa. Ọkùnrin ni mo máa ṣe." Ó sì rán kóòtù ọkùnrin fún ara rẹ̀, ó ṣe kọ́là rẹ̀ dáadáa.

Daniel, tó ti bá fẹ́rì ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ló ń ṣe olórí ẹgbẹ́. Ohùn rẹ̀ le, nítorí pé inú atẹ́gùn ló ti ń pariwo fún àwọn èrò láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi dánra wò, nígbà tó nàka sí Sẹ̀kínátù tó sì pariwo pé, "Ọ̀dàlẹ̀!", obìnrin náà di àga mú. Daniel sáré wá.

"Ẹ má bínú, Miss Sẹ̀kí. Mo máa dín ohùn mi kù."

"Rárá," ó ní. "Ẹ má dín in kù. Bí wọ́n ṣe pariwo gan-an nìyẹn."

"Àwọn wo?"

Ìgbà náà ló sọ ìtàn Ràṣídì fún òun àti Christina, tíì wọn sì tutù sórí tábìlì. Nígbà tó parí, Daniel bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó ní, "Afárá náà ńkọ́?"

"Ìjọba mìíràn kọ́ ọ. Wọ́n ní ó ti gbó báyìí."

Ọjọ́ eré pé. Hàbíbàt tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó jókòó sí ìlà kejì. Wọ́n pa iná, àwọn arúgbó wọlé lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú aṣọ ìléjìká tí Sẹ̀kínátù rán, wọ́n gbé àtùpà oníbátìrì dání, wọ́n ń kọrin, ọ̀kan ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi hàn bí pásítọ̀ kan ṣe wá kí Blaine ní òtẹ́lì ní Manhattan, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ bú àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà, tí Blaine kò sì bá a wí níbẹ̀. Ẹyin lohùn, àwọn Àgùdà New York tó fẹ́ dìbò fún un tẹ́lẹ̀ gbọ́, inú bí ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ó wá kan Sẹ̀kínátù. Ó jáde nínú kóòtù rẹ̀, ó dúró láàárín ìtàgé. Gbólóhùn kékeré kan ló ní láti sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé òun fẹ́ràn ẹgbẹ́ òun, ṣùgbọ́n òun ò lè dìbò fún ọkùnrin yìí. Ó ti sọ ọ́ fún fèrèsé yàrá ìdáná títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Ó la ẹnu, Gẹ̀ẹ́sì ò wá. Gbogbo èèyàn ń wò ó. Ó gbé ojú sókè, ó rí Hàbíbàt.

"Ẹgbẹ́ ni mo wọ̀," ó ní. "Mi ò ta ojú mi fún wọn."

Daniel kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ó ti sọ̀rọ̀. Ó nàka sí i, ó pariwo bí wọ́n ti jọ ṣàdéhùn, àwọn tó kù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí pariwo. Sẹ̀kínátù dúró títí wọ́n fi ṣe tán. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún ń dùn ún, tí ìyẹn ò sì sí nínú eré. Lẹ́yìn náà ló sọdá sí apá kejì ìtàgé. Nínú gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀, Hàbíbàt nìkan ló gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Christina ló sọ ìparí rẹ̀. Ó ní ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè náà wá dúró lé New York lórí, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé àdúgbò kan ṣoṣo ní Staten Island lè gbà á tán. Cleveland wọlé. Títí dòní kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ọ̀rọ̀ pásítọ̀ ló fà á, tàbí òjò tó rọ̀ ní ìgbèríko, tàbí àwọn tó kúrò nínú ẹgbẹ́ wọn.

Bí wọ́n ṣe ń gun òkè lọ sílé, Hàbíbàt di ìyá rẹ̀ lápá mú.

"Màámi, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yẹn, ta ló ni ín?"

"Bàbá ẹ."

"Wọn ò sọ ọ́ fún mi rí."

"Wọn ò fẹ́ kí o korìíra ilé. Wọ́n ní bó o bá fẹ́ lọ rí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ kan, ojú tuntun ni kó o fi rí i." Ó dúró kó mí. "Ìwọ náà wà níbẹ̀ o. Ẹ̀yìn mi lo sùn sí títí gbogbo rẹ̀ fi parí."

Hàbíbàt ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀. Sẹ̀kínátù jẹ́ kó sun ún tán. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan tó dojú kọ omi, ó sì sọ ohun gbogbo fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìbò ààrẹ kọjá. Àwọn kan ní sẹ́ńtà tún bínú, àwọn kan yọ̀. Daniel kò dìbò fún ẹni tí Sẹ̀kínátù dìbò fún, ó sì sọ ọ́ fún un láìfi bò. Ọjọ́ kejì, òun náà ló gbé tíì wá fún un, tí wọ́n jọ jẹun. Ẹni tó sọ búrẹ́dì lu ẹnì kejì lọ tọrọ àforíjì, wọ́n sì padà sídìí káàdì.

Hàbíbàt wá ní àṣà tuntun kan. Bó bá dé láti ibi iṣẹ́, tó bọ́ bàtà, á jókòó sí yàrá ìdáná, á ní, "Màámi, ẹ sọ ọ̀kan sí i." Sẹ̀kínátù á ronú díẹ̀. Ó lè jẹ́ ti ọjọ́ tí Ràṣídì kó gbogbo kíláàsì rẹ̀ lọ síbi àpáta láti lọ kọ́ wọn bí ilẹ̀ ṣe rí, tí òjò dé, tí wọ́n sá wọ inú ihò, tó sì ń kọ́ wọn lórin títí òjò fi dá. Ó lè jẹ́ ti bí kò ṣe lè jẹ ilá tí kò bá sí irú nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ ti bó ṣe máa ń fi ìka lu tábìlì nígbà tó bá ń máàkì iṣẹ́ ọmọ tó gbọ́n. Kì í sọ ju ọ̀kan lọ lójúmọ́. Ó ní wọ́n pọ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n tètè tán.